Òógùn Ọ̀gànjọ́ Ló Ń Bí Otútù Ìdájí: Àpò Ìsùn àbí Ìbora fún Ọdẹ

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ọdẹ tó gbé àpò ìsùn tó nípọn, ìyẹn àpò aṣọ onísíìpù tí ènìyàn ń ki ara bọ̀ láti sùn, wọ igbó lákòókò ọyẹ́, báwo ni òógùn ṣe ń bò ó ní ọ̀gànjọ́, tí otútù tún ń mú un gbọ̀n jìgìjìgì ní ìdájí, lóru kan náà, nínú àpò kan náà? Bí àpò náà bá gbóná jù, kò yẹ kí otútù mú un. Bí kò bá gbóná tó, kò yẹ kó làágùn. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Ìkògòsì, níbikíbi tí òkè bá ti ga tí ọdẹ sì ń sùn mọ́jú níta.

Ẹni tí kò bá wádìí rẹ̀ yóò ní àpò náà ni kò dára, yóò sì tún lọ ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Òógùn ọ̀gànjọ́ yẹn gan-an ló bí otútù ìdájí. Nítorí náà, kí ọdẹ tó pinnu bóyá àpò ìsùn ni òun fẹ́ tàbí ìbora fífúyẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní quilt, kò yẹ kó máa béèrè èwo ló gbóná jù. Kó béèrè èwo ni òun lè ṣí, kí òun sì pa dé, bí òru bá ṣe ń yí padà.

Ìbora tí mò ń sọ yìí kì í ṣe kúbùsù onírun tó wúwo bí òkúta. Aṣọ méjì tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ìyẹ́ tàbí òwú pọliẹ́sítà sí láàárín, tí wọ́n rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bí àpò kékeré fún ẹsẹ̀ méjèèjì, tí òkè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò ní síìpù, kò ní fìlà, kò sì ní ẹ̀yìn. Orí fóòmù tàbí ẹní ni ẹ̀yìn ẹni yóò wà, òun yóò sì wà lórí ẹni.

## Nọ́ńbà 20 tó wà lára àpò

Ọ̀pọ̀ àpò ìsùn tí a ń rí rà nínú ọjà wa, inú òkìrìkà ni wọ́n ti ń jáde, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì òtútù àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà máa ń wà lára wọn: 0, 20, 30, 40. Ẹni tó bá rí 20 lè rò pé òru tó bá tutù dé dígírì 20 ni wọ́n ṣe é fún, kó sì ní ó bá òkè Èkìtì mu wẹ́kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, Fahrenheit ni nọ́ńbà yẹn. 20 Fahrenheit jẹ́ nǹkan bíi dígírì 7 nísàlẹ̀ òdo ní Celsius, ìyẹn òtútù tí omi inú kẹ́ẹ̀gì máa ń di yìnyín. 40 jẹ́ nǹkan bíi 4°C, bí inú fíríìjì. 50 ló tó 10°C.

Èyí tó wá láti Yúróòpù máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta lábẹ́ ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 23537. Èkíní ni òtútù tí obìnrin lásán lè sùn nínú rẹ̀ láìní ìnira. Èkejì ni èyí tí ọkùnrin lè sùn nínú rẹ̀ bó bá ká ara jọ. Ẹ̀kẹta, tó máa ń lọ sílẹ̀ jù, ni èyí tí kò ní pa ènìyàn láàárín wákàtí mẹ́fà, bó tilẹ̀ lè ṣe é léṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà kẹta yẹn ra ọjà. Òun ni ẹni tó ń tà máa ń kọ gàdàgbà, nítorí òun ló ń mú àpò dà bí alágbára. Ìbora ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò gba abẹ́ ìlànà yìí kọjá. Ẹni tó ṣe é ló kọ nọ́ńbà tó wù ú sí i.

Wàyí o, báwo ni ilẹ̀ wa ṣe tutù tó? Adó-Èkìtì ga tó nǹkan bíi mítà 450 sí orí òkun. Bí ènìyàn bá ń gun òkè, ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan máa ń mú nǹkan bíi dígírì mẹ́fà àbọ̀ kúrò nínú ooru, èyí ló fi jẹ́ pé Adó fi bíi dígírì mẹ́ta tutù ju etí òkun Èkó lọ kí ọyẹ́ tó tilẹ̀ dé. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá dé nínú oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà lé ìkuukùu lọ, kò sí ohun tó bo ilẹ̀ mọ́. Ooru ọ̀sán á fò lọ sójú ọ̀run. Lórí òkè, ìdájí lè bọ́ sí àárín dígírì 15 sí 18. Otútù tó ń mú ènìyàn gbọ̀n ni, pàápàá bó bá jẹ́ pé ojú kan ló jókòó sí, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí yìnyín bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àpò 20 Fahrenheit fún òru dígírì 16, ìtẹ́ erin ni wọ́n kọ́ fún òkété.

## Afẹ́fẹ́ ló ń mú ara gbóná

Ìyẹ́ kò ní iná nínú. Òwú kò ní iná nínú. Ara ọdẹ ni iná, aṣọ kàn ń dá ooru rẹ̀ dúró ni. Ohun tó sì ń dá a dúró gan-an ni afẹ́fẹ́ tó há sáàárín àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ inú aṣọ, tí kò ráyè rìn. Bí aṣọ bá ṣe wú tó ni afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi wíwú díwọ̀n ìyẹ́. Ìyẹ́ tí a ń sọ kì í ṣe èyí tó le, tó ní egungun láàárín. Múlọ́múlọ́ abẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ni. Bí wọ́n bá kọ 800 sí i, ohun tó túmọ̀ sí ni pé gíráàmù 28 péré rẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀, yóò wú kún àyè bíi lítà 13. Ó ju kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá lọ! Èyí tí wọ́n kọ 600 sí kò burú, àmọ́ yóò gba ìyẹ́ púpọ̀ sí i kó tó gbóná bákan náà.

Ẹ wá ronú sí apá tí ẹni tó sùn fi ẹ̀yìn lé. Kílò 70 ni ó gbé lé ìyẹ́ yẹn. Ìyẹ́ á pẹlẹbẹ bí ewé tí wọ́n fi dí ẹ̀kọ, afẹ́fẹ́ á jáde, kò ní sí ohun tó ń dá ooru dúró mọ́. Gbogbo apá abẹ́ àpò ìsùn jẹ́ ẹrù tí ọdẹ ń gbé lórí lásán. Ibi tí èrò ìbora ti wá nìyí: ẹ gé ẹ̀yìn náà kúrò, ẹ jẹ́ kí fóòmù ṣe iṣẹ́ abẹ́. Ìbora oníìyẹ́ tí wọ́n ṣe fún òtútù 20 Fahrenheit yẹn lè wọn bíi gíráàmù 650. Àpò ìsùn irú rẹ̀ máa ń súnmọ́ kílò kan. Fún Èkìtì tiwa, tí a kò nílò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹ́ yẹn lọ, ìbora lè má tó gíráàmù 400.

## Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ dé aago márùn-ún àárọ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wà nínú wákàtí mẹ́jọ yìí, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé, ó ru àpò, ó gbé ìbọn, ó ti jẹun. Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Afẹ́fẹ́ lè wà ní dígírì 23 tàbí 24. Ó ki ara bọ àpò, ó fa síìpù dé ọrùn nítorí ẹ̀fọn. Kò tó wákàtí kan tí àyà rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ẹ̀wù rẹ̀ mu díẹ̀ nínú omi yẹn, èyí tó kù di oru, ó wọnú òwú àpò, ó sì dúró síbẹ̀.

Ọ̀gànjọ́. Kò lè mí mọ́, ó fa síìpù dé ìdí, ó yọ apá méjèèjì síta. Atẹ́gùn ọyẹ́ gbígbẹ fẹ́ sí ẹ̀wù tó tutù. Ẹ rántí àmù amọ̀ tó wà ní igun yàrá àwọn ìyá wa àgbà: omi inú rẹ̀ máa ń tutù nini láìsí fíríìjì, nítorí omi tó ń ti ara amọ̀ náà rin jáde máa ń gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru lára omi inú. Bí ara ọdẹ ṣe rí ní wákàtí yẹn nìyẹn. Ó ti di àmù.

Aago mẹ́rin kọjá. Òkùnkùn ṣì wà, àmọ́ ilẹ̀ ti fún ojú ọ̀run ní gbogbo ooru tó ní. Àkókò tó tutù jù lóru kì í ṣe ọ̀gànjọ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, kété kí oòrùn tó yọ. Oúnjẹ alẹ́ ti tán nínú, iná ara ti rẹlẹ̀. Ọdẹ fa síìpù padà sókè. Ẹ̀wù tutù lara rẹ̀, òwú àpò tutù lápá àyà, ó sì ti lẹ̀ pọ̀. Àpò tí wọ́n ṣe fún yìnyín wá ń mú un gbọ̀n ní dígírì 16.

Ẹ gbé aláṣọ ìbora wò ní òru kan náà. Aago mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ nìkan ló bò, tàbí kó yọ ẹsẹ̀ kan síta. Bí ilẹ̀ ṣe ń tutù, ó fà á dé ìbàdí. Aago kan, ó fà á dé àyà. Aago mẹ́rin, ó fà á dé ọrùn, ó ki etí ìbora náà méjèèjì sábẹ́ èjìká. Kò jí dáadáa kó tó ṣe gbogbo èyí, bí a ṣe ń fa aṣọ bora nílé ni. Kò làágùn ní wákàtí kankan, nítorí náà gbígbẹ ló wọ ìdájí.

Ìdájí yìí kan náà sì ni ẹran máa ń rìn. Ẹtu àti ìgalà á jáde wá jẹ ewé tútù létí oko. Ẹni tó wà nínú àpò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú, síìpù wà ní àgbọ̀n, síìpù á sì dún ṣárá nínú ìdákẹ́jẹ́ igbó. Ó tún lè bu aṣọ inú jẹ, kó há pátápátá. Ó wọ́pọ̀ lára síìpù àpò, nítorí aṣọ etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Kí síìpù wá lé ẹran náà lọ lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, ó dùn mí láti ronú kàn án. Kí a tilẹ̀ fi ẹran sílẹ̀: bí ejò bá wọlé, bí ìjàlọ bá dà dé, bí iná bá ta sí aṣọ, ẹni tó wà lábẹ́ ìbora á kàn ju aṣọ nù ni. Àwọn ọmọ Àmọ̀tẹ́kùn tó ń ṣọ́ igbó lóru láti ọdún 2020, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀, nílò èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn kí ẹ tó sùn. Ìbọn tó wà ní kíkì kò gbọdọ̀ bá ènìyàn wọ abẹ́ aṣọ kan náà, ká má tilẹ̀ sọ inú àpò.

## Àpáta ń tan ni jẹ

Ẹni tó bá yan ìbora ti gba láti tọ́jú abẹ́ ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á ra ìbora tó dára, wọ́n á tẹ́ ẹní kan ṣoṣo, nígbà tí otútù bá wá mú wọn wọ́n á bú ìbora.

Àwọn ọdẹ wa fẹ́ràn àti máa sùn lórí àpáta. Ó tẹ́jú, kò sí ìjàlọ, èèyàn sì ń rí ọ̀ọ́kán. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan àpáta ní aago méje alẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ooru yẹn ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, òkúta sì máa ń fa ooru lára ènìyàn kíákíá ju ewé gbígbẹ tàbí pákó lọ. Àpáta tó gba ẹni tọwọ́-tẹsẹ̀ ní alẹ́ ni yóò máa mu ooru ẹ̀yìn ẹni ní ìdájí. Ìbora kò lè ṣe nǹkan kan sí i, àpò ìsùn pàápàá kò lè ṣe é.

Fóòmù ló ń gbà ènìyàn níbẹ̀. Ẹ má lo fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀. Ó máa ń tẹ̀ pátápátá, ó sì ń mu ìrì bíi kànìnkànìn. Èyí tó le díẹ̀, tí omi kì í wọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ṣe eré ìdárayá, ni kí ẹ rà. Sẹ̀ǹtímítà kan nípọn tó fún Èkìtì, kí ó gùn láti èjìká dé orúnkún bí ẹ kò bá fẹ́ gbé ẹrù púpọ̀. Ẹ fi àpò ẹrù tẹ́ ẹsẹ̀. Bí kò bá sí owó fóòmù, páálí ńlá méjì tí wọ́n ṣí, tí wọ́n gbé lé ara wọn, tí ẹní sì wà lókè wọn, ń ṣiṣẹ́ gidigidi, nítorí páálí ní afẹ́fẹ́ nínú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé tó bá ti rin, ó tán. Ewé gbígbẹ náà dára, àmọ́ ẹ gbọn ọ́n dáadáa nítorí àkeekèé.

Àwọn òyìnbó ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n èyí, wọ́n ń pè é ní R. Bó bá ṣe ga tó ni kò ṣe ní jẹ́ kí ilẹ̀ fa ooru lára. Òru wa kò ju R 1 tàbí 2 lọ. Ibi tí yìnyín ti ń bọ́ nílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Orí náà wà níbẹ̀. Àpò ìsùn ní fìlà tó bo orí, ìbora kò ní. Fún èyí, fìlà abetí-ajá ti yanjú rẹ̀ kí òyìnbó tó ronú nípa quilt: ẹ fa etí méjèèjì sílẹ̀ bo etí yín, iṣẹ́ parí.

## Ibi tí àpò ìsùn ti ń borí

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Àwọn ọmọ Èkìtì wà káàkiri ayé, àwọn kan sì ń bá wọn dọdẹ elk, àgbọ̀nrín ńlá tó ga bí ẹṣin, lórí òkè Colorado tàbí Montana. Níbẹ̀, ibùdó lè ga ju mítà 3,000 lọ, yìnyín sì lè bọ́ ní oṣù kẹsàn-án. Èmi kò ní sọ fún irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ pé kó ju àpò ìsùn rẹ̀ nù.

Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tútù tó wọ abẹ́ ìbora ní dígírì 16 kò ju kí ènìyàn fa aṣọ padà lọ. Ní dígírì 10 nísàlẹ̀ òdo, afẹ́fẹ́ kan náà lè gba gbogbo ooru tí ara fi wákàtí kan kó jọ. Ẹni tó máa ń yí kiri lójú oorun, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, tó ń ká orúnkún sókè, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ṣí ẹ̀gbẹ́ ìbora rẹ̀ sí afẹ́fẹ́, kò sì ní mọ̀ títí yóò fi jí. Àpò á máa bá a yí. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn sùn láìmira lè lo ìbora níbẹ̀, bí ìbora náà bá fẹ̀ dáadáa, tó sì ní okùn rọ́bà méjì tó so etí rẹ̀ mọ́ fóòmù. Èrè rẹ̀ kò kéré: ẹran ara elk kan tí wọ́n ti yọ egungun kúrò lè ju kílò 90 lọ, ẹ̀yìn ènìyàn ni wọ́n sì fi ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Gbogbo gíráàmù tó kúrò nínú ẹrù, ọ̀pẹ́ ni.

## Ìyẹ́, pọliẹ́sítà, àti iná

Ìyẹ́ ló fúyẹ́ jù, òun náà ló sì bẹ̀rù omi jù. Bó bá rin, á lẹ̀ mọ́ra bí adìẹ tí òjò pa, kò ní wú mọ́ títí yóò fi gbẹ pátápátá. Pọliẹ́sítà wúwo jù ú lọ díẹ̀, kì í sì í pẹ́ tó o, ṣùgbọ́n bó bá rin, ẹ fún un, ẹ gbọ̀n ọ́n, á tún gbóná díẹ̀. Nínú ọyẹ́ gidi, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìyẹ́ kò ní wàhálà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú, tí ìrì ṣì pọ̀, tàbí nínú òjò, pọliẹ́sítà ni mo fọwọ́ sí láìṣiyèméjì.

Wọ́n lè béèrè nípa òwú àràbà, tó kún ilẹ̀ wa. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, omi kì í sì í wọ̀ ọ́ kíákíá, kódà wọ́n ti fi ṣe ẹ̀wù àwọn atukọ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Àmọ́ fọ́nrán rẹ̀ kúrú, ó ń yọ̀, bí wọ́n bá sì ká a lẹ́ẹ̀mẹwàá, á ti ṣùjọ sí igun kan. Ìrọ̀rí ló yẹ ẹ́.

Ìbora fífúyẹ́ ní ọ̀tá kan tí kíjìpá kò ní: iná. Náílọ́n tó fẹ́lẹ́ yìí, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ń lu ú jálẹ̀, ìyẹ́ á sì máa ti ibẹ̀ fò jáde. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa hun lórí òfì kì í yọ́; ẹ̀ta iná á jó o dúdú díẹ̀, ọwọ́ á pa á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dáná, kó jìnnà sí i tó ìgbésẹ̀ márùn-ún, kó sì wo apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Lákòókò ọyẹ́, tí koríko ti gbẹ, ó sàn kó má dáná rárá. Ìbora tó dára ló ń jẹ́ kí ọdẹ lè sùn láìdáná, èyí pàápàá tó èrè, nítorí oko àwọn ènìyàn tó ń jó lọ́dọọdún.

Ẹ̀fọn kò ní ọyẹ́. Aláṣọ ìbora nílò àwọ̀n ẹ̀fọn tó so mọ́ igi mẹ́rin, kí etí rẹ̀ wà lábẹ́ fóòmù. Tàpólìn lókè rẹ̀, kó ga díẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá, a máa gba ìrì dúró.

## Bí télọ̀ ṣe lè rán an

Ìbora tí wọ́n ń tà lókè òkun wọ́n ní owó wa. Àmọ́ kò sí ohun tó wà lára rẹ̀ tí télọ̀ Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ kò lè rán.

Ẹ ra náílọ́n fẹ́lẹ́ fún ojú méjèèjì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé aṣọ náà sí ẹnu kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn kò bá kọjá rárá, bíi ti aṣọ agbòjò, ẹ fi sílẹ̀. Òógùn yóò há sínú rẹ̀, a ó sì padà sí ìṣòro àkọ́kọ́. Bí ó bá kọjá wẹ́rẹ́, tí kò rọrùn jù, òun ni. Òwú pọliẹ́sítà tó wà ní ìtẹ́ bí aṣọ, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, ni kí ẹ rà, kó wọn gíráàmù 100 ní mítà onígun mẹ́rin.

Òṣùwọ̀n rẹ̀: gígùn mítà 2.1 fún ẹni tó ga tó mítà 1.75, fífẹ̀ mítà 1.35 ní èjìká, kó máa dín bọ̀ dé mítà 1 ní ẹsẹ̀. Ẹ gbé òwú lélẹ̀, aṣọ méjì lé e lórí, kí ojú rere àwọn aṣọ náà kọjú síra wọn. Ẹ rán yíká, ẹ fi bíi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ láìrán, ẹ yí i padà síta láti ibẹ̀, kí ẹ sì dí i. Ẹ wá fi ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré rán òwú mọ́ aṣọ, kí ó má baà ṣùjọ. Ibí yìí ni télọ̀ máa ń bà á jẹ́: yóò fẹ́ kó lẹ́wà, yóò rán an ní àpótí-àpótí kéékèèké bíi bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà kọjá ni òwú ti tẹ̀, ibẹ̀ sì ni otútù á gbà wọlé. Ẹ dúró tì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ ká a sí méjì lóòró, ẹ rán sẹ̀ǹtímítà 55 ìsàlẹ̀ pọ̀ àti ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀, kó di àpò fún ẹsẹ̀. Ẹ rán rọ́bà méjì sí etí rẹ̀, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan ní àyà, tí yóò gba abẹ́ fóòmù kọjá. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju bíi gíráàmù 550 sí 600 lọ. Nílé, ẹ má ká a mọ́ inú àpò kékeré rẹ̀. Ẹ so ó kọ́ tàbí kí ẹ fi sínú àpò òwú ńlá. Èyí tí wọ́n dì pinpin láti ọyẹ́ dé ọyẹ́ kò ní wú mọ́, nígbà òjò á sì bu.

## Bí àpò bá ti wà nílẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó ti ra àpò ìsùn òkìrìkà kò tíì pàdánù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo bóyá ó dìde padà. Èyí tó bá ní kókó-kókó, tí kò dìde, òwú rẹ̀ ti kú. Bó bá dìde, ẹ wo síìpù rẹ̀. Bó bá lọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tó sì ní orí méjì, ẹ jẹ́ kí orí ìsàlẹ̀ wà ní ẹsẹ̀, ẹ fa orí òkè sílẹ̀ títí yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sí ẹsẹ̀, kí gbogbo òkè ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì dà á bo ara bí aṣọ. Kò ní fúyẹ́ bí ìbora gidi, ṣùgbọ́n òógùn ọ̀gànjọ́ ti tán.

Bó bá jẹ́ olórí kan ni síìpù náà, tó jẹ́ pé láti ọrùn nìkan ló ti ń ṣí, kò burú. Ẹ fà á sílẹ̀ títí tí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 50 sí ẹsẹ̀, kí ẹ sì ki pín-ín-nì ńlá kan sí ibi tó dúró sí, kó má baà máa yọ̀ wá sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń na ẹsẹ̀. Ẹ yí ẹnu pín-ín-nì náà síta, kó má gún yín.